Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní group home ní Winnipeg, kí ló dé tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ni gbogbo wọn?

ÌyáÌbejì_Peg kọ:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí group home kan níbí ní Winnipeg, ilé tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ òbí wọn sí, shift là ń ṣe, èmi ló sábà máa ń wà níbẹ̀ lálẹ́. Gbogbo ọmọ tó wà nílé yẹn pátá, ọmọ onílẹ̀ ni, First Nations, ìyẹn àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé, kò sí òyìnbó kan ṣoṣo níbẹ̀, kò sí ọmọ dúdú, kò sí ọmọ India. Àwa òṣìṣẹ́ wá ńkọ́, Nàìjíríà ló pọ̀ jù, àwọn ará Philippines ló tẹ̀ lé wa.

Nígbà tí mo bi àwọn tí mo bá níbẹ̀ pé kí ló fà á, ohun tí wọ́n sọ ò ju pé àwọn òbí wọn ń mutí, wọn ò sì fẹ́ràn ọmọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi fojú ara mi rí ìyá kan tó wá wo ọmọ ẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá, ó gbé búrẹ́dì wọn tí wọ́n ń pè ní bannock sínú ike, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó jókòó ó ń di irun ọmọ náà. Ọmọkùnrin ni o, irun ẹ̀ gùn dé ẹ̀yìn, ó pín in sí mẹ́ta ó ń dì í díẹ̀díẹ̀, ó ń bá a sọ èdè wọn sétí, social worker jókòó sí kọ̀rọ̀ ó ń kọ̀wé. Ìgbà tí wọ́n ní àsìkò ti tó, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó ní kí ọmọ náà rántí fún àwọn yòókù jẹ nínú búrẹ́dì yẹn. Ẹ wá sọ fún mi pé ẹni yẹn ò fẹ́ràn ọmọ?

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnì kan nínú wa, ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi, ní ká kúkú gé irun yẹn, pé àwọn ọmọ iléèwé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dà bí obìnrin, àti pé kì í tètè gbẹ tó bá wẹ̀. Mo ní ká dúró ná.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn yìí gan-an? Ṣé nǹkan kan wà tí èmi àlejò tí ò tíì mọ ọ̀nà ọjà dáadáa lè ṣe fún àwọn ọmọ yìí àti àwọn ẹbí wọn, àbí kí n gba owó mi kí n máa lọ sílé? Mo mọ̀ pé ẹ máa wàásù fún mi, ẹ ṣáà fi òótọ́ ọ̀rọ̀ sí i.

Baálé_Brampton kọ:

Àǹtí, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín jẹ́jẹ́ o, PR yín, ìwé ìgbélùú yín, ni kẹ́ ẹ rò. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yẹn ju agbára wa lọ. Ìjọba ń fún wọn lówó, wọn kì í san owó orí, iléèwé ọ̀fẹ́, síbẹ̀ ẹ dé downtown kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe. Àwa náà jìyà lọ́wọ́ òyìnbó, a ò torí ẹ̀ sùn sídìí ọtí. Òbí tó bá ń tọ́jú ọmọ ẹ̀, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀?

Àdùkẹ́_North kọ:

@Baálé_Brampton, ẹ rọra, ẹ ṣì jìnnà sọ́rọ̀ yìí. Owó orí tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹni tó ní status, ìyẹn tí orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba pé onílẹ̀ ni, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí reserve, ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn, ni òfin yọ owó oṣù ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tẹ́ ẹ ń rí ní downtown, tí wọ́n bá ríṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń san án bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń san án. Ẹ jẹ́ n dá àbúrò mi lóhùn.

Àbúrò, ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, Thompson lókè lọ́hùn-ún ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Winnipeg. Ẹ kọ́kọ́ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé sísọ́ọ̀sì súnmọ́ ọmọ yẹn. Láyé iléèwé bọ́dìn ìjọba, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe fún ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé wọ́n á gé irun ẹ̀, wọ́n á bọ́ aṣọ ilé ẹ̀, wọ́n á sì nà án tó bá sọ èdè ìyá ẹ̀. Ṣé ẹ mọ ọmọ dàda nílé wa, tí èèyàn ò kàn ní jí láàárọ̀ kó mú abẹ sí i lórí láìbi ìyá ẹ̀? Ojú tẹ́ ẹ máa fi wò ó nìyẹn. Ìyá ẹ̀ wà láàyè, ẹ ní kí social worker bi í. Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní iléèwé, tíṣà wọn ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Iléèwé bọ́dìn tí mò ń sọ yìí, ìjọba Kánádà ló ń sanwó ẹ̀, àwọn ìjọ ló ń bójú tó o, Kátólíìkì, Áńgílíkà àtàwọn míì. Ọmọ tó lé ní 150,000 ló gba ibẹ̀ kọjá, ní 1920 òfin sọ ọ́ di túláàsì, àwọn tó kẹ́yìn nínú wọn ò sì tì títí di àwọn ọdún 1990. Ìjọba ò sì lè ní àwọn ò mọ̀. Dókítà tí wọ́n fúnra wọn gbà síṣẹ́, Peter Bryce, kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn ní 1907 pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ń pa àwọn ọmọ yẹn, pé atẹ́gùn ò wọ yàrá wọn, wọ́n gbé ìwé ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí bọ́dìn ṣe ń lọ sílẹ̀ ni social worker ń wọlé dé. Láti àwọn ọdún 1950 lọ ni wọ́n ti ń wọ abúlé kó ọmọ fún òyìnbó tọ́, àwọn kan dé Amẹ́ríkà, Sixties Scoop ni wọ́n ń pè é. Adájọ́ Edwin Kimelman, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Manitoba tiwa yìí ní kó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, là á mọ́lẹ̀ ní 1985 pé wọ́n ń fi pa àṣà àwọn èèyàn yẹn run ni. Ó di June 2015 kí Greg Selinger, tó jẹ́ olórí ìjọba Manitoba nígbà náà, tó tọrọ àforíjì.

Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Ẹni tó dàgbà ní bọ́dìn tí ò rí ibi tí ìyá ti ń rẹ ọmọ lẹ́kún, òun ló bí èyí tí wọ́n kó lọ ní 1960 sí 1980, èyí tí wọ́n kó lọ yẹn ló bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí tẹ́ ẹ ń rí lónìí. Ọtí tí Baálé ń wí, mi ò ní kò sí. Ó wà. Mo ti rí i.

Ṣùgbọ́n ibi tó ń dun èmi jù ni ti owó, torí ìyẹn ò tíì pẹ́ rárá. Lórí reserve, ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó iṣẹ́ ọmọ àti ìdílé. Bí wọ́n ṣe to ètò yẹn tẹ́lẹ̀, kí ẹjọ́ tí mo máa sọ yìí tó yí i padà, ni pé owó tí ọ́fíìsì máa fi ran ìdílé lọ́wọ́ kí ọmọ lè dúró sílé, wọ́n ti bu iye kan sí i, tó bá tán ó tán. Àmọ́ tí wọ́n bá ti gbé ọmọ jáde nílé, iye tí ìtọ́jú ẹ̀ bá jẹ́ lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ni ìjọba ń san padà nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún ibẹ̀ kà. Òrùlé ń jò lé ìyá lórí, kò sówó. Ìyá fẹ́ lọ gba ìtọ́jú ọtí, ó ń wá ẹni tó máa bá a wo ọmọ dè é, kò sówó. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n máa fún àjèjì kó máa tọ́ ọmọ kan náà yẹn, ó wà ńlẹ̀. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí lẹ rò pé mo máa ṣe nígbà tọ́rọ̀ bá le?

Ìdí tí Cindy Blackstock fi gbé wọn lọ sẹ́jọ́ nìyẹn. Ọmọ Gitxsan ni, ẹ̀yà onílẹ̀ kan, social worker lòun náà. Ẹgbẹ́ ẹ̀, First Nations Child and Family Caring Society, pẹ̀lú Assembly of First Nations, ẹgbẹ́ àwọn olóyè onílẹ̀, fi ìwé sùn ìjọba ní February 2007 lọ́dọ̀ àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Kánádà, ibẹ̀ ló ti dé iwájú tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ìjọba fa ẹjọ́ náà títí. Wọ́n tiẹ̀ ń ṣọ́ obìnrin yìí, wọ́n ń yẹ Facebook ẹ̀ wò, ọ̀gá tó ń rí sí àṣírí ará ìlú ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 2013. 26 January 2016 ni ìdájọ́ jáde: ìjọba ń ṣe ẹ̀tanú sí àwọn ọmọ yìí, ètò owó wọn sì wà lára ohun tó ń ti ọmọ jáde nílé. Ní 2019 tribunal ní kí wọ́n san 40,000 dọ́là fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tọ́rọ̀ kàn, ìjọba ò gbà, wọ́n fà á títí tó fi di àdéhùn tó lé ní bílíọ̀nù 23 dọ́là tí Federal Court fọwọ́ sí ní October 2023. Àánú kọ́ ni wọ́n tọrọ o. Wọ́n ní kí ọmọ àwọn má rí ìtọ́jú tó kéré sí tọmọ òyìnbó ni.

Nọ́ọ̀sìBísí kọ:

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ n fi ti ọsibítù kún un. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọmọ ní Manitoba gbọ́dọ̀ mọ orúkọ Jordan River Anderson. Ọmọ Norway House ni, ìlú onílẹ̀ kan ní Manitoba, ẹ̀yà Cree, wọ́n bí i ní 1999 pẹ̀lú àìsàn tó le gan-an, ọsibítù ní Winnipeg ló wà látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ìgbà tó ń lọ sí ọmọ ọdún méjì, àwọn dókítà ní ó lè lọ máa gbé nínú ilé bíi ti ọmọ gbogbo ayé. Ìjọba àpapọ̀ ní kì í ṣe àwọn ló máa sanwó ìtọ́jú ilé, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní kì í ṣe àwọn. Ó lé lọ́dún méjì tí wọ́n fi ń jà lórí ẹ̀, ọmọ ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó kú síbẹ̀ ní 2005, ọmọ ọdún márùn-ún, kò sun ilé rí, ọjọ́ kan péré. Ká ní ọmọ òyìnbó Winnipeg ni, wọn ì bá tiẹ̀ bèèrè ta ló máa sanwó.

Òun ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ Jordan's Principle tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí ní December 2007: ìjọba tí wọ́n bá kọ́kọ́ lọ bá ló gbọ́dọ̀ sanwó, kí wọ́n wá jà á lẹ́yìn.

Birth alert náà tún wà. Ìyẹn ni pé social worker á ti kọ̀wé sí ọsibítù nípa aláboyún kan, òun fúnra ẹ̀ lè má mọ̀, bó bá ti ń bímọ tán wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìpínlẹ̀ British Columbia dá a dúró ní 2019, Manitoba ní July 2020. 2020 o, kì í ṣe ayé ọba òyìnbó.

Baálé_Brampton kọ:

Mo gbọ́, mi ò mọ ti owó yẹn rárá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Tí wọ́n bá ń lu ọmọ nílé, tí ebi ń pa á, ṣé ká fi síbẹ̀ torí ohun tí òyìnbó ṣe fún bàbá bàbá ẹ̀ ni?

Lọ́yà_Regina kọ:

Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Ohun tó wà nínú àwọn fáìlì ni kẹ́ ẹ wò. Ohun tó ń gbé ọmọ onílẹ̀ jáde nílé jù kì í ṣe lílù, àìbójútó ni wọ́n ń kọ, tẹ́ ẹ bá sì tú àìbójútó yẹn wò, òṣì ló wà níbẹ̀, ilé tí kò dáa, èèyàn tó pọ̀ jù nínú yàrá, àti ọtí tàbí oògùn. Ìṣẹ́ ni wọ́n ń kọ bí ẹni pé ìwà ni. Sẹ́ńsọ́ọ̀sì 2021 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí ò tíì pé 15 tó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ní Kánádà, bíi 54 ló jẹ́ ọmọ onílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò pé 8 nínú 100 gbogbo ọmọ tọ́jọ́ orí wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Manitoba tiẹ̀ súnmọ́ 90. Ṣé gbogbo ìyá burúkú ló kó ara wọn jọ sínú ẹ̀yà kan ni?

Ẹ sì má rò pé ẹni tí wọ́n gbé lọ ló bọ́. Tina Fontaine, ọmọ ọdún 15 láti Sagkeeng, ìlú onílẹ̀ kan ní Manitoba, abẹ́ àbójútó ìjọba ló wà, inú hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi í sí ní Winnipeg, August 2014 ni wọ́n gbé òkú ẹ̀ jáde nínú Red River. Lẹ́yìn ìyẹn ni Manitoba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní àwọn ò ní fi ọmọ sí hòtẹ́ẹ̀lì mọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba child benefit lóṣooṣù, owó tí ìjọba ń san fún òbí torí ọmọ. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìjọba náà ní irú owó yẹn tiẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa. Manitoba gbà á lọ́wọ́ àwọn ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ọmọ, láti 2005 títí di 2019, wọ́n ń dà á sápò ìpínlẹ̀. Kóòtù ní kò bófin mu ní 2022, ní 2024 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 530 dọ́là. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń jẹ owó ọmọ.

Ní báyìí ọ̀nà míì ti ṣí. Òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 January 2020, C-92 ni gbogbo èèyàn ń pè é, ó ní àwọn onílẹ̀ láṣẹ láti ṣe òfin tiwọn lórí ọ̀rọ̀ ọmọ wọn. Quebec gbé e lọ sí kóòtù, Supreme Court ní February 2024 ní òfin náà dúró gbọin. Níbí ní Saskatchewan, àwọn onílẹ̀ Cowessess ti gbé tiwọn kalẹ̀, July 2021 ni Trudeau, olórí ìjọba Kánádà nígbà náà, fúnra ẹ̀ wá fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú wọn. Òfin yẹn tún to bí ó ṣe yẹ kí wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ èèyàn: òbí ẹ̀ ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn ẹ̀ àgbàlagbà nínú ẹbí ẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ará ìlú ẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ onílẹ̀ míì, kó tó wá kan àjèjì. Wọ́n sì tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí òṣì nìkan gbé ọmọ kúrò nílé. Ẹ bi ọ̀gá yín ní group home bóyá wọ́n ti wá ìyá àgbà ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn kàn. Ìbéèrè lásán ni.

Tùndé_OKC kọ:

Oklahoma ni mo wà, ti ibí yìí náà ò yàtọ̀. Ní 1978 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin ICWA, Indian Child Welfare Act, kí wọ́n má bàa máa gbé ọmọ onílẹ̀ kúrò láàárín àwọn èèyàn ẹ̀, torí nígbà yẹn wọ́n ti rí i pé ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ti gbé kúrò nílé òbí wọn. Àwọn kan gbé e lọ sí kóòtù pé ó ń ya ẹ̀yà sọ́tọ̀, June 2023 Supreme Court fi 7 sí 2 ní òfin dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Cherokee ò sùn lóru ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Peg kọ:

Háà. Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ka ti Jordan yẹn fún ọkọ mi, kò lè sọ̀rọ̀. Mo ti sọ fún wọn lẹ́nu iṣẹ́ nípa irun, ọ̀gá ní òun á bi ìyá ẹ̀, ẹni tó fẹ́ gé e wá ń wò mí bí ẹni pé mi ò tọ́mọ rí. Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, kí ló tún kù tí mo lè ṣe? Mi ò ní ipò kankan níbẹ̀ o, èmi ni mo ń se oúnjẹ, èmi ni mo ń kọ ìwé alẹ́.

Àdùkẹ́_North kọ:

Ìwé alẹ́ yẹn kẹ̀! Ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ má fojú kéré ẹ̀, social worker ń kà á, ó lè dé iwájú adájọ́. Ẹ wo bí àwọn kan ṣe ń kọ ọ́: "ìyá pẹ́ dé, inú ń bí i, ọmọ dààmú lẹ́yìn tó lọ." Ìyá ti pẹ́ torí bọ́ọ̀sì, ó sunkún, wọ́n pè é ní ìbínú, ọmọ ń sunkún torí ìyá ẹ̀ ń lọ, wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé ìyá ló kó ìdààmú bá a. Ẹ̀yin ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ìyá wọ bọ́ọ̀sì wá. Ó gbé oúnjẹ wá. Ó di irun ọmọ. Ọmọ ní kí wọ́n jẹ́ kó bá ìyá òun lọ. Ẹ fi aago sí i. Ẹ má fi èrò yín sí i, rere ni o, burúkú ni o. Mo ti rí ibi tí lọ́yà ìyá ti fa irú ìwé bẹ́ẹ̀ yọ ní kóòtù tí ẹnu gbogbo wọn wọhò.

Èkejì, tí ọmọ kan bá ń fẹ́ nǹkan tí kò rí, bí awò ojú, ẹni tó máa kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ, kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti fi Jordan's Principle tọrọ ẹ̀. Wákàtí 24 ni nọ́ńbà wọn ń ṣiṣẹ́, kò sì dìgbà tí ọmọ bá ń gbé lórí reserve. Tribunal ní tó bá jẹ́ kíákíá, kí wọ́n dáhùn láàárín wákàtí 12, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ wákàtí 48. Wọn kì í pa àkókò yẹn mọ́, mi ò ní tàn yín, ìwé ti ṣù jọ níwájú wọn débi pé ẹgbẹ́ Blackstock tún padà lọ bá tribunal ní December 2023. Síbẹ̀ ẹ fi sílẹ̀, kó wà lákọsílẹ̀ pé ẹ bèèrè.

Ẹ̀kẹta, ìbẹ̀wò. Group home tó bá fẹ́ fagi lé ìbẹ̀wò òbí torí òṣìṣẹ́ ò tó, kẹ́ ẹ ní ẹ̀yin á dúró tẹ́ ẹ bá ráyè. Owó ní ọ̀dọ̀ ìjọba ò ní tún gbogbo ẹ̀ ṣe, àwọn olóyè wọn fúnra wọn kọ àdéhùn bílíọ̀nù 47.8 dọ́là tí wọ́n fẹ́ fi tún ètò ọmọ àti ìdílé ṣe sílẹ̀ ní October 2024 ní Calgary torí wọ́n ní àdéhùn náà ò dáàbò bo ọmọ àwọn tó.

Baálé_Brampton kọ:

Bílíọ̀nù 47 ni wọ́n kọ̀? Ẹ̀rù àwọn èèyàn yìí wá ń bà mí báyìí o.

Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní iléèwé kan níbí, àwọn ọmọ Métis, ìran tó ti ara onílẹ̀ àti òyìnbó wá, wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń fẹ́ ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ ní kíláàsì. Ṣé Jordan's Principle kan àwọn náà?

Nọ́ọ̀sìBísí kọ:

Rárá sà, First Nations nìkan ni. Inuit, àwọn onílẹ̀ apá àríwá pátápátá, ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní Inuit Child First Initiative. Ti Métis, àfi kí iléèwé fi owó wọn ṣe é, àbí kí ìyàwó yín bá ẹgbẹ́ Métis ní Ontario sọ̀rọ̀, wọ́n ní ètò ọmọ àti ìdílé. Àmọ́ kó kọ́kọ́ bi ìyá ọmọ náà dáadáa, àwọn kan wà tí ìdílé ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ Métis tí ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ First Nations. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó pe nọ́ńbà yẹn.